Bí A Bá Gbàgbé Iṣẹ́ Káàdì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Tí A Ń Ta Whot Nílẹ̀ Okun

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, láti Kábbà dé Ìyàrà, láti Mọ̀pà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí àwọn ọmọ wa ń ti Àbújá àti Èkó wálé, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ ò ní bá Whot. Bó bá ti di ìdíje, èmi ni wọ́n sábà máa ń pè wá ṣe adájọ́. Ohun tí mo rí ni pé ìrẹ́jẹ kọ́ ló ń tú wa ká. Ìgbàgbé ni. Ẹnì kan gbàgbé láti gbé káàdì, ẹlòmíràn gbàgbé láti ké, lẹ́yìn ìyípo mẹ́ta ẹnì kan rántí, ariwo bá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ náà ni mo kó jọ síbí, àti èsì tí mo máa ń fọ̀ sí wọn.

Kí ni ẹ ń pè ní iṣẹ́ káàdì tí a gbàgbé?

Whot tí à ń ta ní Nàìjíríà, káàdì 54 ló wà nínú rẹ̀: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, àti Whot fúnra rẹ̀ 5, àwọn tí wọ́n kọ 20 sí lára. Púpọ̀ nínú wọn kò níṣẹ́ ju kí wọ́n bá àwòrán tàbí nọ́ńbà tó wà nílẹ̀ mu. Àwọn tó níṣẹ́ ni ìjàngbọ̀n wà lára wọn. 1 ni hold on, ẹni tó jù ú yóò tún jù. 2 ni pick two. 5 ni pick three. 8 ni suspension, ẹni tó kàn yóò fara mọ́ ìjókòó rẹ̀, kò ní ta. 14 ni general market, gbogbo àwọn yòókù yóò lọ ọjà, ìyẹn ni pé wọn yóò gbé káàdì kọ̀ọ̀kan láti inú èyí tí a dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Ẹni tó bá sì ju 20 yóò béèrè àwòrán tó wù ú. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹni tí káàdì kan ṣoṣo bá kù lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ké "last card".

Káàdì kò lẹ́nu. Ẹni tó jù ú ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá sọ ọ́, tàbí bó bá sọ ọ́ tí ẹni tó yẹ kó ṣe é kò ṣe é, tí ayò sì ń lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tí a gbàgbé nìyẹn.

Ṣé ẹni tó gbàgbé kọ́ ló jẹ̀bi nígbà gbogbo?

Rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ adájọ́ ti ń ṣìnà nìyí, èmi náà sì ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ bi ara yín: ohun tí a gbàgbé yìí, ẹ̀tọ́ ni àbí gbèsè?

Bí mo bá ju 2, ẹ̀tọ́ mi ni pé kí ẹni tó kàn gbé méjì. Bí n kò bá ké e, tí ẹni yẹn ju káàdì tirẹ̀ lé e, tí ẹni tó tẹ̀ lé e náà ti jù, ẹ̀tọ́ mi ti lọ. Èmi ni mo gbé e sọnù, kò sì sí ẹni tí mo lè mú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ké "pick two" tí ó gbọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ra ẹ̀lùbọ́ láwìn lọ́jà Kábbà, tó délé tó gbàgbé, ṣé ìyá tó tà á fún un yóò ní ọ̀rọ̀ ti tán? Ìgbà tó bá rántí ni yóò san án.

Ìkéde ló ń sọ ẹ̀tọ́ di gbèsè. Orí gbólóhùn yìí ni gbogbo ìdájọ́ mi dúró lé. Bó bá yé yín, ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò ìyókù ohun tí mo kọ síbí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin sílẹ̀?

Ìdíje kan ni, ní Kábbà, ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn mẹ́rin ló kù. Ọyẹ́ ń fẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, a fi òkúta wẹ́wẹ́ kan tẹ káàdì ọjà mọ́ orí tábìlì kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ọmọkùnrin kan láti Ìyàrà ju 14 onígun mẹ́ta, ó ké "general market!", gbogbo ilé gbọ́. Ẹni méjì nawọ́, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹta jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti gbé òkúta kúrò, ìka rẹ̀ ti kan káàdì òkè pátápátá, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Ọmọ rẹ̀ ni, ó ń béèrè ibi tí àwọn yóò já iṣu sí. Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dá a lóhùn, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n dá òkúta padà sórí ọjà, wọ́n bá ayò lọ. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Èmi tí mo jẹ́ adájọ́, n kò kíyè sí i.

Ìyípo méjì lẹ́yìn náà, bàbá ké last card, wọ́n ju 7 àgbélébùú, wọ́n ní "check up", ìyẹn ni pé káàdì ti tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti jáde. Ìgbà náà ni ọmọ Ìyàrà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn lórí ìka. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ẹ ò lọ ọjà lẹ́ẹ̀kan." Bàbá wo òkúta yẹn, wọ́n ní òótọ́ ni.

Ẹni méjèèjì ló sọ òótọ́, èmi ni mo wá ba nǹkan jẹ́. Mo ní ayò ti tán, ẹni tó ti jáde ti jáde. Ọmọkùnrin náà kò jà. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kí gbogbo wa, ó lọ. Bàbá kọ̀ láti gba kúlà omi tí a fi ṣe ẹ̀bùn, wọ́n ní káàdì kan ṣì kù tí àwọn kò gbé. Kúlà náà wà lórí tábìlì títí tí a fi pa jẹnẹrétọ̀. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí. Ọjọ́ kejì ni mo ra ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti lọ ọjà, ìgbà wo ló ti pẹ́ jù láti mú un?

Bí a bá ti ké e kí etí gbọ́, kò pẹ́ jù títí a ó fi ṣọ́fù fún ayò tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bá mi jiyàn. Káàdì tó wà lókè ọjà, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí onígbèsè ì bá ti gbé lẹ́ẹ̀kan àti èyí tí yóò gbé báyìí, inú òkùnkùn kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde. Kò sí ẹni tó lè sọ pé èyí tó pẹ́ yìí sàn jù tàbí burú jù. Nítorí náà, kí onígbèsè kàn nawọ́ kó gbé e, ó tán.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ dán wò ni kí a ní gbogbo èèyàn mú káàdì wọn padà, kí a lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àṣìṣe ti wáyé. Láàárín ìyípo méjì, ojú ti rí. Mo ti mọ̀ pé ìràwọ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ̀ pé n kò ní róbótó. Ẹ lè dá káàdì padà sọ́wọ́, ẹ ò lè dá ìmọ̀ padà. Ẹni tí ẹ dá ayò padà nítorí rẹ̀ yóò jèrè, ẹlòmíràn tí kò ṣẹ̀ yóò sì san owó rẹ̀.

Bí onígbèsè náà bá ti jáde ńkọ́? Kò tíì jáde. Ẹni tó jẹ gbèsè káàdì kan, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Yóò gbé káàdì rẹ̀, ayò yóò sì máa lọ láti ọwọ́ ẹni tó kàn. Ìdájọ́ tó yẹ kí n dá fún ọmọ Ìyàrà yẹn nìyẹn.

Mo ju 14, n kò ké e, àmọ́ gbogbo wọn ló rí i nílẹ̀. Ṣé n kò lè gba ẹ̀tọ́ mi?

Bí ẹni tó kàn kò bá tíì ju káàdì, ẹ ké e, ẹ gbà á. Bó bá ti jù, ṣùgbọ́n tí ẹni tó tẹ̀ lé e kò tíì jù, a ṣì ń gbà fún yín ní tiwa, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ti gbésẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti lọ.

Last card ńkọ́? Ìyẹn kì í kúkú ṣe ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ké e.

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Last card ni ìkéde kan ṣoṣo tí ẹni tó ń ṣe é kò jèrè nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni, fún àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí ìgbàgbé rẹ̀ fi ń mú ìfura wá ju gbogbo ìgbàgbé lọ.

Ìlànà tiwa ni pé bí ẹnikẹ́ni bá mú un kí ẹni tó kàn tó ju káàdì, yóò gbé méjì. Bí ẹni tó kàn bá ti jù, ó ti bọ́. Àwọn kan ní èyí kò tó, wọ́n ní kí a máa mú un títí dé òpin bíi ti general market. Mo rò ó dáadáa, n kò gbà. Ìkìlọ̀ tó pẹ́ kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́. Káàdì méjì kò lè tún un ṣe bí ó ṣe ń tún ọjà tí a kò lọ ṣe. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè bi ẹnikẹ́ni nígbàkigbà pé, "Mélòó ló kù lọ́wọ́ yín?" Ẹni tí a bi gbọ́dọ̀ tẹ́ káàdì rẹ̀ gbalaja, kó dáhùn ní òtítọ́. Bó bá pa irọ́, kì í ṣe ìgbàgbé mọ́. Ẹ jẹ́ kó dìde.

Hold on àti suspension?

Kékeré ni tiwọn. Ẹni tó ju 1 tí kò sì tún jù títí ẹlòmíràn fi jù, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ló sọnù. Ẹni tí 8 dá dúró tó sì ju káàdì, kó mú un padà sọ́wọ́ bí a bá rí i kí ẹlòmíràn tó jù. Bí a kò bá rí i, ẹ jẹ́ kó lọ.

Mo béèrè róbótó pẹ̀lú 20. Kó tó yí padà sí mi, ẹnì kan bi mí pé kí ni mo béèrè. Ṣé dandan ni kí n dá a lóhùn?

Dandan ni, kíá sì ni. Àwòrán tí ẹ béèrè kì í ṣe ohun ìní yín, ti gbogbo tábìlì ni. Bákan náà ni iye káàdì tó kù lọ́wọ́ yín, ẹni tí ó kàn, àti bóyá a ti ké pick two tàbí a kò tíì ké e. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jèrè nítorí pé ẹnìkejì rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa nínú ariwo. Bàbá tí etí wọn ti ń wúwo ń ta Whot láàárín wa, ẹ fún wọn ní èsì lẹ́ẹ̀mẹta bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ rán alátakò mi létí ẹ̀tọ́ tó gbàgbé?

Nílé, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣe é fún ara yín. Nínú ìdíje, kò di dandan.

Èmi kọ́ ni mo dá èyí sílẹ̀. Ayò káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní Magic: The Gathering. Richard Garfield, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì jáde ní 1993. Káàdì tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ níye tí ẹnì kan kò lè kà, ọ̀pọ̀ ló sì ní iṣẹ́ tó ń ta jí fúnra rẹ̀: nígbà tí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, kí tọ̀hún ṣẹlẹ̀. Ẹ ronú bí ìgbàgbé yóò ti pọ̀ tó nínú irú ayò bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí àwọn adájọ́ ìdíje ńlá wọn fara mọ́ ni pé ẹni tó ni káàdì ló ni ìrántí. Alátakò kò gbọ́dọ̀ purọ́, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ó máa rántí fún un. Bí wọ́n bá sì wá rí i láìpẹ́ pé iṣẹ́ kan ti kọjá, alátakò yẹn ni yóò yàn bóyá kí ó ṣẹlẹ̀ báyìí tàbí kí ó má ṣẹlẹ̀. Bó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fi í sílẹ̀, ayò ń lọ.

Mo fẹ́ràn apá yẹn púpọ̀: ẹni tí ìgbàgbé ẹnìkejì kò pa lára ló ń di ẹni tí a bi léèrè. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ọmọlúàbí láti sọ pé, "Ó dáa, ẹ ṣe é." Kò sì fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti fi orí kan ṣoṣo ta ayò ènìyàn méjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí a bá sọ ọ́ di dandan, báwo ni adájọ́ yóò ṣe mọ̀ pé ẹnì kan rí i tó dákẹ́, tàbí pé òun náà kò rí i? Òfin tí a kò lè wádìí, àwọn olóòótọ́ nìkan ni yóò máa mú.

Bí iṣẹ́ tí ẹnì kan gbàgbé bá jẹ́ èyí tí ì bá pa òun fúnra rẹ̀ lára ńkọ́?

Ibẹ̀ ni ojú adájọ́ gbọ́dọ̀ ti là. Nínú Magic, iṣẹ́ tí ń pa olówó rẹ̀ lára, bó bá gbàgbé rẹ̀, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún un, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá mọ̀, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó, ìrẹ́jẹ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń lé ènìyàn jáde nítorí rẹ̀. Àwa náà ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ìgbàgbé àkọ́kọ́, mo kìlọ̀. Ìkejì ní ọjọ́ kan náà, káàdì kan ní àfikún. N kò tíì ní láti dé ìkẹta.

Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?

Mo máa ń wo ọwọ́ ju ojú lọ. Ẹni tó gbàgbé lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í yára. Ó ń ro káàdì tó kàn. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fò ó máa ń yára ju káàdì, á sì tún máa bá yín sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yíyára nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: ta ló jèrè? Ìgbà mélòó? Ẹni tí ìgbàgbé rẹ̀ ń pa á lára lónìí, tó tún gbè é lọ́la, onígbàgbé ni. Ẹni tí ìgbàgbé rẹ̀ ń gbè ní gbogbo ìgbà, ẹ súnmọ́ tábìlì rẹ̀.

Ṣé àwọn ayò mìíràn náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí?

Púpọ̀. Nínú ayò káàdì tí wọ́n ń pè ní bridge, ẹni tó ní irú káàdì tí wọ́n ń ta lọ́wọ́ tó sì ju òmíràn, bí ó bá ti fìdí múlẹ̀, wọ́n lè gba ìpín kan tàbí méjì tó ti jẹ kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fún alátakò. Nínú dráàfù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àtijọ́, ọmọ tó yẹ kó jẹ tí kò jẹ, alátakò lè mú un kúrò lójú ọpọ́n. Wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀ nínú ìdíje. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí ni pé kí ẹni náà padà lọ jẹ ẹ́. Èyí dára jù lójú tèmi. Whot fúnra rẹ̀, William Henry Storey, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní 1935, ṣùgbọ́n bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń ta á nílẹ̀ wa yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ sọ tiwa jáde kí a tó pín káàdì.

Bí àgbàlagbà bá gbàgbé ńkọ́? Ojú máa ń tì wá láti sọ ọ́.

Mo mọ̀. Ọmọ ogún ọdún kò lè na ìka sí ẹni tó tó bàbá rẹ̀ kó ní "ẹ ò gbé méjì." Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ọmọ náà má bá àgbà sọ ọ́, kó bá ọjà sọ ọ́. Yóò na ọwọ́ sí káàdì ọjà, yóò ní, "Bàbá, ẹ dákun, méjì yín wà níbí." Kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣòro síbẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè, adájọ́ yóò wá, yóò sì sọ ọ́ ní orúkọ òfin. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ gbà wá láyè. Bàbá tíṣà tí mo sọ ìtàn wọn yẹn kò bínú sí ọmọ tó pè wọ́n. Ọmọ náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi nígbà tí a tún pàdé.

Nígbà tí a ń ka iye káàdì tó kù lọ́wọ́ kálukú láti mọ ẹni tí a ó lé, mo gbàgbé láti ka ìràwọ̀ mi ní ìlọ́po méjì. Wọ́n ti lé ẹlòmíràn.

Bí káàdì bá ṣì wà lójú tábìlì, ẹ tún un kà. Ìràwọ̀ 7 jẹ́ 14, ìràwọ̀ 8 jẹ́ 16, Whot kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20. Iye kì í ṣe ẹ̀tọ́, kì í sì í ṣe gbèsè. Ohun tó wà ló wà. Bí a bá ti ṣọ́fù, kò sí ohun tí a ó fi wádìí rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan káàdì kí adájọ́ tó kọ iye sílẹ̀.

Kí ni ẹ máa ń kà sí etí àwọn tó fẹ́ ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀?

Ìlà mẹ́rin ni, mo sì máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn rara:

Ẹ ké iṣẹ́ káàdì yín. Èyí tí ẹ kò ké tó kọjá ẹni méjì ti lọ.

Èyí tí a ti ké, ẹni tó kàn yóò san án, bó ti wù kó pẹ́ tó, títí a ó fi ṣọ́fù.

Ẹni tí a bá bi ní iye káàdì tàbí àwòrán tó wà nílẹ̀ yóò dáhùn ní òtítọ́.

Bí fóònù yín bá dún, ẹ gbé káàdì yín dojú dé, ẹ gbé òkúta ọjà lé e. A ó dúró dè yín.